Láti Èkó sí etíkun Benin àti Tógò: ṣé mọ́tò ara wa ni àbí ọkọ̀ èrò, ibo la sì fẹ́ sùn?

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́ta bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Èkó, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò wa ní Súrùlérè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gbé ní Erékùṣù: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká wa mọ́tò wa kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ sétí òkun ni, àbí ká wọ bọ́ọ̀sì?" Ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni ohun tí ẹ máa wọ̀, èkejì ni ibi tí ẹ máa dúró sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yan òtẹ́ẹ̀lì tán kí wọ́n tó rántí wo bí wọ́n ṣe máa dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, iye ààlà tí ẹ máa kọjá àti iye òru tí ẹ máa sùn ló yẹ kó kọ́kọ́ pinnu. Ẹwà etíkun inú fọ́tò lè dúró ná.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìwé ló ṣáájú. Ọmọ ECOWAS ni wá, a ò nílò físà láti wọ Benin tàbí Tógò; àdéhùn ọdún 1979 ló fún wa láyè láti gbé ọjọ́ 90 nílẹ̀ ara wa. Síbẹ̀, kálukú gbọ́dọ̀ mú pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, títí kan ọmọ ọwọ́, àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Bí ẹ bá ń mú ọmọ tí kì í ṣe tiyín lọ, tàbí tó jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú ọmọ, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí tó kù. Ọ̀ràn gbígbé ọmọ tà wà lọ́kàn àwọn aṣọ́bodè ní ojú ọ̀nà yìí, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè.

Lẹ́yìn ìwé, àkókò. Láti Mile 2 dé Sẹ̀mẹ̀ tó bíi kìlómítà 70, láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọ̀nu bíi 30. Ẹni tó bá wo máàpù lásán máa sọ pé wákàtí méjì ti tó. Ẹni tó mọ Ìyànà Ìbá àti Òkokomáìkò, tó mọ bí àwọn ọkọ̀ ẹrù ṣe ń tò sí Àgbárá, tó sì ti ka iye ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láàárín Àgbádárìgì àti ààlà, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya gbogbo òwúrọ̀ sọ́tọ̀ fún àtidé Kútọ̀nu, kí ẹ má sì fi nǹkan kan sí ọ̀sán ọjọ́ náà.

Owó ni ìkẹta, owó ìwé àti owó ojú ọ̀nà sì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe epo tàbí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Ìkẹrin ni ìgbẹ́kẹ̀lé: bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́nà, ta ni yóò tún un ṣe, ní èdè wo, láago mélòó? Ìkarùn-ún ni àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gan-an. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó gbé báàgì ẹ̀yìn kọ́rùn kò rí bákan náà pẹ̀lú ìyá àgbà, tọkọtaya àti ọmọ méjì.

Mọ́tò ara ẹni

Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, òun náà ni mo fẹ́ pẹ́ lórí jù, nítorí òun ló ní ìwé jù.

Yàtọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, ẹ kó ìwé ọkọ̀ lọ́gangan: láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, àti láísẹ́ǹsì awakọ̀ yín. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́, ti ìyàwó tàbí ti ẹ̀gbọ́n bá wà lórí ìwé náà, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ tí olówó ọkọ̀ fọwọ́ sí, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Má ṣe rò ó pé "ọkọ mi ló ni ín" máa tó ẹ̀rí lójú tábìlì kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìwé tó tún ṣe pàtàkì ni Brown Card ti ECOWAS. Kútọ̀nu náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tó dá a sílẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1982. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: bí ẹ bá kọ lu ẹlòmíràn ní Benin tàbí ní Tógò, káàdì yìí ni yóò dúró fún ìbánigbófò yín lọ́hùn-ún, bí òfin ilẹ̀ wọn ṣe ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tó fara pa tàbí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́. Kò ní tún mọ́tò tiyín ṣe, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tí ẹ ti ń ra ìwé ọkọ̀ yín ní Èkó ni kí ẹ ti gbà á, ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ẹ tó lọ. Ẹ má ra á lọ́wọ́ ẹni tó bá sáré wá bá yín ní Sẹ̀mẹ̀.

Ní ààlà, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà láti ìgbà tí Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ti ṣí ibùdó àjùmọ̀lò Sẹ̀mẹ̀-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2018. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà, ẹ gba òǹtẹ̀ ìwọlé Benin, kí ẹ sì ṣí pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó padà sínú ọkọ̀. Ẹni tí wọn ò bá tẹ òǹtẹ̀ ìwọlé sí ìwé rẹ̀, ìgbà àbọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀ ni laissez-passer, ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù Benin ń fún ọkọ̀ tó bá wọlé fún ìgbà díẹ̀. Pélébé ni ìwé náà, ó sì rọrùn láti ká a pọ̀ sínú àpò láìkà á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró níwájú tábìlì yẹn, ẹ fi ìka tọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wé èyí tó wà lára mọ́tò, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọkọ̀ jáde. Bí wọ́n bá fi O sí ibi tó yẹ kí òdo wà, tàbí tí wọ́n fún yín ní ọjọ́ méjì nígbà tí ẹ fẹ́ lo mẹ́rin, wẹ́rẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá dé Ouidah, ìlú tó wà lẹ́yìn Kútọ̀nu, kí ẹ tó rí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bí ẹ bá sì ń lọ sí Tógò, wọn yóò tún fún yín ní òmíràn ní Hilla-Condji, ààlà Benin àti Tógò.

Ní ti àwọn ajẹ́ntì: wọn yóò pọ̀, ara wọn yóò yá mọ́ yín, wọn yóò pè yín ní ẹ̀gbọ́n àti mọ́mì. Ẹ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n kí pásípọ́ọ̀tù má kúrò lọ́wọ́ yín àyàfi sọ́wọ́ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba tó sì jókòó sẹ́nu iṣẹ́. Owó tí ẹ bá san, ẹ béèrè rìsíìtì. Bí wọ́n bá béèrè èyí tí kò ní rìsíìtì, ẹ má jà, ẹ má sì tètè ki ọwọ́ bọ àpò. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Rìsíìtì náà ni mo ń dúró dè." Sùúrù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì fi hàn pé òun ń kánjú ni wọ́n ń rí mú. Lápá ti Benin, ẹ kọ́kọ́ sọ "Bonjour" kí ẹ tó sọ nǹkan mìíràn. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá àti Ègùn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni ni wọ́n ń wò ná.

Epo: ẹ kún táńkì yín ní ìgboro kí ẹ tó dé Àgbárá. Ní 2019 ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí àwọn ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà, láti ìgbà náà ni mi ò ti fi ọkàn tán epo apá ibẹ̀. Ní Benin, ẹ máa rí kpayo, epo inú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ òde òní kò fẹ́ irú rẹ̀. Láti Mile 2 dé Grand-Popo, ìlú etíkun Benin tó wà nítòsí Tógò, ní àlọ àti àbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 370 lọ. Ọkọ̀ tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 10 máa jẹ bíi lítà 37, ẹ fi mẹ́wàá kún un nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Táńkì kan ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e tán.

Ọ̀nà Benin dára láti wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà bíi tiwa. Ibi ìsanwó ọ̀nà wà ní Ekpè kí ẹ tó dé Kútọ̀nu, òmíràn wà ní Ahozon kí ẹ tó dé Ouidah, nítorí náà ẹ ní séfà, owó wọn, kéékèèké lọ́wọ́. Ohun tí ará Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni àwọn zémidjan, ọ̀kadà tiwọn. Wọ́n pọ̀ ju tiwa lọ, ọ̀pọ̀ òpópónà ńlá ló sì ní ojú ọ̀nà tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò yọ sí yín ní ọ̀tún nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà. Ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní táyà àfikún, jákì, ohun ìpaná, àti onígun mẹ́ta pupa tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá kú. Ọlọ́pàá wọn, Police Républicaine, lè béèrè wọn. Ẹ má sì wa ọkọ̀ lálẹ́. Ẹ ò mọ ibi tí bọ́m̀pù wà, wọn kì í sì í fi iná sí gbogbo rẹ̀.

Ìgbẹ́kẹ̀lé wá ńkọ́? Mọ́tò yín kò ní fi yín sílẹ̀ níbùdókọ̀, ẹ lè dúró fọ́mọ tó fẹ́ tọ̀, ẹ sì lè gbé kúlà oúnjẹ dání. Ṣùgbọ́n bó bá kú ní Pahou, láàárín Kútọ̀nu àti Ouidah, ẹ̀yin lẹ máa wá mẹkáníìkì. Owó ìwé rẹ̀ kò yàtọ̀ bó jẹ́ ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀ tàbí èèyàn márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: bí ẹ ò bá tó mẹ́rin, tí ẹ ò sì ní sùn tó òru mẹ́ta, ẹ fi mọ́tò sílé.

Àwọn ará Ìkẹjà àti Agége máa ń béèrè bóyá ààlà Ìdí-Ìrókò kò sún mọ́ wọn jù. Ó sún mọ́ wọn, àtọdún 2022 ni wọ́n sì ti tún un ṣí. Ọ̀nà Ọ̀tà sí ibẹ̀ ló ń jẹ àkókò. Ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kí ẹbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lè gba ibẹ̀. Ẹni tó ń lọ sétí òkun, kó gba Sẹ̀mẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí Accra

ABC Transport àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Gánà, wọ́n ń gba Kútọ̀nu àti Lomé kọjá. Àǹfààní wọn ni pé awakọ̀ mọ gbogbo ibùdó àyẹ̀wò, àwọn òṣìṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ní gba laissez-passer, ẹ ò ní ra Brown Card, ẹ ò ní ronú nípa epo. Ẹni tó bá ń dá rìn, pàápàá obìnrin tó ń rìn lóun nìkan, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó wọ èyí dípò takisí.

Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń dúró de ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé. Èrò kan ṣoṣo tí kò ní yẹ́lò káàdì lè dá gbogbo yín dúró lábẹ́ oòrùn. Ibùdókọ̀ ìlú ńlá ni wọ́n sì ń já èrò sí, kì í ṣe iwájú òtẹ́ẹ̀lì. Bí Lomé lẹ ń lọ, kò burú rárá. Bí Grand-Popo ni, etí títì ni ẹ máa sọ̀ sí, ìlú náà ṣì wà nísàlẹ̀ létí òkun, ẹ máa gbé ẹrù sórí zémidjan. Pẹ̀lú ọmọ kékeré, mi ò gbà.

Takisí, ìpele sí ìpele

Fún ẹni tó ń gbé ní Erékùṣù, ọ̀nà yìí ti rọrùn sí i láti oṣù Kẹsàn-án 2023 tí rélùwéè Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Ẹ sọ̀ níbẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ibùdó, ẹ wọ takisí Benin tó ń lọ sí Kútọ̀nu, kí ẹ tún wọ òmíràn lọ sí Ouidah tàbí Grand-Popo. Òun ló dín owó jù, òun ló sì ń jẹ ara jù. Ọ̀dọ́ tí kò ní ẹrù rẹpẹtẹ lè ṣe é.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọlọ́kadà kan lè sọ fún yín ní Sẹ̀mẹ̀ pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ ò ní tò, wọn ò ní bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kò ní òǹtẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà nílẹ̀ ibẹ̀. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, bí àìsàn bá dé, kò sí ìwé tó máa gbè é.

Ọkọ̀ Benin tó wá pàdé yín ní Sẹ̀mẹ̀

Èyí ni àwọn èèyàn kì í rántí, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù fún ẹbí tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ gba ọkọ̀ láti Èkó dé ààlà, ẹ kọjá pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù yín, kí awakọ̀ tó ní nọ́ńbà Benin máa dúró dè yín lápá kejì. Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ sùn sí lè bá yín wá a. Ọkọ̀ rẹ̀ kò nílò laissez-passer, ó mọ ibi tí bọ́m̀pù wà, ó gbọ́ èdè, bí ọkọ̀ bá sì kú, òun ló máa bójú tó o.

Ẹ dá iye rẹ̀ ní séfà kí ẹ tó kúrò ní Èkó, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí WhatsApp: àlọ nìkan ni àbí àlọ àtàbọ̀, ṣé epo àti owó ojú ọ̀nà wà nínú rẹ̀, ta ló ń sanwó bí ààlà bá dá yín dúró tí awakọ̀ sì ń retí yín. Ó wọ́n ju takisí lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ro owó ìwé mọ́tò yín pọ̀ mọ́ epo àti ìnira ojú ọ̀nà, tí ẹ sì pín in fún èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó rí i pé kò jìnnà síra.

Ibo la ó wá dúró sí?

Kí n tó dárúkọ ibì kankan: òkun kan náà ni láti Èkó dé Lomé, ó sì lágbára. Ìgbì rẹ̀ ń fọ́ nítòsí iyanrìn, omi tó ń padà sẹ́yìn sì ń fa ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa nínú odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì lè má rí ẹsẹ̀ gbé nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá wà pẹ̀lú yín, ẹ yan òtẹ́ẹ̀lì tó ní odò ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí òkun jẹ́ ohun wíwò, kí àgbàlagbà sì dúró láàárín ọmọ àti omi nígbà gbogbo. Ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè ibi tí omi ti ń fà. Wọ́n mọ̀, wọn yóò sì sọ.

*Fidjrossè* ni etíkun Kútọ̀nu fúnra rẹ̀. Ó súnmọ́, ẹja yíyan pọ̀ níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi wà, dókítà àti báńkì kò sì jìnnà. Lópin ọ̀sẹ̀, ariwo orin kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ìgbì. Fún òru méjì, ó tó.

*Ouidah* jẹ́ bíi kìlómítà 40 sí Kútọ̀nu, ẹ sì lè gba Route des Pêches tó bẹ̀rẹ̀ ní Fidjrossè tó ń tọ etí òkun lọ. Ẹni tó bá ní ọmọ ilé-ìwé, kó lọ síbẹ̀. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 dúró létí òkun, ní ìparí ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà láti ìgboro. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Gbẹ̀rẹ̀fù ní Àgbádárìgì tiwa. Bí ọjọ́ 10 oṣù Kínní bá ń bọ̀, ọjọ́ ọdún Vodun, ẹ tètè gba yàrá tàbí kí ẹ yẹra, nítorí èrò láti káàkiri ayé ló ń kún ibẹ̀.

*Grand-Popo* ni mo fẹ́ràn. Ó tó bíi kìlómítà 85 sí Kútọ̀nu. Ìlú kékeré ni, tóóró bí okùn láàárín òkun àti omi ọ̀sà, àgbọn ló bo gbogbo rẹ̀. Àwọn ilé àtijọ́ ìgbà àwọn Faransé ṣì wà níbẹ̀, òkun sì ti jẹ díẹ̀ lọ nínú wọn. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ń gbé èèyàn lọ sí Bouche du Roy, ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Agbègbè odò náà ni UNESCO fi sára àwọn ibi ààbò ẹ̀dá tó pa Benin àti Tógò pọ̀ ní 2017. Ìjàpá òkun ń jáde wá yé ẹyin sí iyanrìn ibẹ̀.

Bí ẹ bá jí ní kùtùkùtù, ẹ ó bá àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n ńlá bọ̀ láti inú òkun. Okùn méjì ló ń jáde nínú omi, èèyàn bí ogún sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin, obìnrin, àwọn ọmọ. Wọ́n fi gìgísẹ̀ gún iyanrìn, wọ́n ń dá orin, wọ́n sì ń tẹ̀ sẹ́yìn pọ̀ bí orin náà bá ti bọ́ sí i. Ẹni tó bá dé ìparí okùn yóò sọ ọ́ sílẹ̀, yóò rìn lọ sí iwájú nínú omi, yóò sì tún dì í mú níbẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan kí àpò àwọ̀n tó yọjú. Bí ẹ bá dì í mú ràn wọ́n lọ́wọ́, inú wọn á dùn, ẹ ó sì lè ra ẹja tí kò tíì kú.

Ohun tí Grand-Popo kò ní ni ariwo, ọjà ńlá, àti ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó mọ́jú. Ilé ìwòsàn ńlá náà kò sí nítòsí, kí ẹni tó ní àìsàn tó le mọ èyí. Ẹni tó bá sì sùn síbẹ̀ lóru kan ṣoṣo kò tíì sinmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

*Lomé* ń béèrè ààlà kejì ní Hilla-Condji, tí kò tó kìlómítà 20 sí Grand-Popo, lẹ́yìn náà bíi 50 sí i. Aago wọn fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn tiwa. Owó wọn kò yàtọ̀, séfà kan náà ni. Òtẹ́ẹ̀lì etíkun wà ní apá Baguida àti Avépozo, ní ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí òkúta ti gbá ìgbì mú láwọn ibì kan tí omi sì ṣe jẹ́jẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ omi tí kò rú rárá, adágún Tógò wà lọ́nà, ní Agbodrafo. Ẹ má lọ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ ni ojú ọ̀nà máa jẹ.

*Àgbádárìgì* ni ti ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé. Àgbọn, òkun àti ọ̀sà wà níbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sàn láti sinmi níbẹ̀ ju láti gbé ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá lọ bẹ̀ ẹnikẹ́ni ní Sẹ̀mẹ̀.

Ní ti owó, ẹ mọ iye tí séfà ń jẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ààlà. Ẹ béèrè ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nítorí oníbùkà kékeré ojú ọ̀nà kò ní rí ṣéńjì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ẹ kà á tán níbẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹbí tó tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí mọ́tò wọn dára, tí orúkọ olówó rẹ̀ wà lórí ìwé, tí wọ́n sì ní òru mẹ́ta sókè: ẹ wa mọ́tò yín lọ sí Grand-Popo, kí ẹ dúró jẹun ọ̀sán ní Ouidah lọ́nà.

Ẹbí kan náà, ṣùgbọ́n tí ìwé mọ́tò kò pé tàbí tí awakọ̀ kò fẹ́ràn ọ̀nà àjèjì: ẹ gba ọkọ̀ tó ń pàdé èèyàn ní Sẹ̀mẹ̀. Ìyá àgbà tó bá wà pẹ̀lú yín yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Fún àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, Fidjrossè ni kí ẹ mú, nítorí ilé ìwòsàn.

Tọkọtaya tó ní òru méjì péré: Fidjrossè tàbí Ouidah, nínú ọkọ̀ tó pàdé yín. Ẹni tó ń dá lọ sí Lomé, tó ní odidi ọ̀sẹ̀: bọ́ọ̀sì ńlá. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tí owó wọn mọ níwọ̀n: Blue Line, Mile 2, takisí, kí wọ́n sì kọjá ààlà lójú ọ̀sán.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ nígbà Kérésì, ẹ má kọjá ní ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọdún. Ẹ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí ẹ ti dé Sẹ̀mẹ̀ kó tó di agogo mẹ́jọ àárọ̀. Bí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ bá súnmọ́, wọ́n máa ń ti ààlà ilẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ìdìbò, ní 2019 wọ́n tì í láti oṣù Kẹjọ títí di òpin ọdún 2020. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìròyìn ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, kí ẹ sì gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì tó gbà kí ẹ sún ọjọ́ síwájú láìgba owó lọ́wọ́ yín.